Ìdí Ìbọn Tí Bàbá Mi Ń Gbẹ́ fún Mi

Hor Al Anz, Deira,
Dubai.
Ọjọ́ keje, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ sì kú ìrọ̀lẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí Azeezat máa ráyè ka èyí sí yín létí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo kí ìyá mi, mo kí Azeezat àbúrò mi, mo kí Bàṣírù tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ara mi le, alhamdulillah. Ooru ibí ti ń rọlẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́ fún yín, kò tíì rọlẹ̀ rárá, àwa la kàn ń sọ fún ara wa pé ó ń rọlẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n má pè mọ́, pé lẹ́tà ni kí n máa kọ sórí WhatsApp. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ohùn yín ń wù mí í gbọ́.

Ìròyìn wà. Ẹ rántí pé kíláàbù tí wọ́n ti ń yìnbọn sí àmì ni kọ́ńpìnnì sẹ́kúríńtì wa gbé mi sí, ní Sharjah. Ẹnu géètì ni mo ń dúró, mo ń yẹ káàdì wò. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá yìnbọn fún fàájì, àtẹni tó ń gbálẹ̀ àtẹni tó ń po tíì. Bàbá mi, èmi ni mo ṣe ipò kìíní. Wọ́n tún pè mí lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n rò pé èèṣì ni. Kì í ṣe èèṣì.

Irú èyí tí wọ́n ń yìn níbí, orí tábìlì ni wọ́n ń gbé ìbọn lé, wọ́n á fi àpò iyanrìn tì í lábẹ́. Ènìyàn á jókòó sórí àga, á máa yìn ín sí bébà tó ní òbìrí kéékèèké. Kò sí igbó, kò sí ẹran. Ẹni tí ọta rẹ̀ bá sún mọ́ àárín jù ló jẹ.

Kọ́ńtírààtì mi pẹ̀lú kọ́ńpìnnì sẹ́kúríńtì máa parí lóṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì ti sọ fún wa pé àwọn ò ní tún un ṣe. Bí mi ò bá ríṣẹ́ mìíràn, visa mi parí nìyẹn, ilé yá. Ṣùgbọ́n máníjà kíláàbù, obìnrin ará ibí tí gbogbo wa ń pè ní Madam, ní bí mo bá wọ ẹgbẹ́ tí yóò lọ figagbága lóṣù kìíní, tí mo sì ṣe dáadáa, àwọn fúnra wọn máa gbà mí síṣẹ́. Mi ò ní dúró ní géètì mọ́.

Ó wá ní kí n yan ìbọn tí n ó máa lò. Ìbọn náà kì í ṣe tèmi o, ti kíláàbù ni, yàrá onírin ni wọ́n ń tì í mọ́, ẹnikẹ́ni kì í gbé ìbọn lọ sílé níbí. Wọ́n lè ra odidi tuntun láti Jámánì, tí a kàn máa tú nínú páálí. Tàbí kí Ọ̀gá Rasheed, ará Pakistan tó ń tún ìbọn ṣe ní kíláàbù, kàn án fún mi: irin àtijọ́ kan tó dáa wà nílẹ̀, wọ́n á ra ọ̀pá tuntun tí ọta ń gba inú rẹ̀ jáde sí i, wọ́n á sì gbẹ́ ìdí rẹ̀ sí ìwọ̀n ara mi. Wọ́n fẹ́ ìdáhùn kí oṣù kẹwàá tó tán.

Ọ̀gá Rasheed bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo dàgbà sí, pé bàbá mi ló ń gbẹ́ ìdí ìbọn fún gbogbo ọdẹ Ìgbòho àti àgbègbè rẹ̀. Ó ní "accha", ìyẹn "ó dáa" lédè wọn, ó mi orí títí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Rírà ni àbí kíkàn?

Ọmọ yín tí kò lè san oore yín tán,
Tàíbátù

•

Ìgbòho, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025

Àmọ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn. Azeezat ka lẹ́tà rẹ, mo ní kó tún un kà, ìyá rẹ wá láti ìdí ààrò, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí tirẹ̀. Ìyá rẹ ní obìnrin wo ló ń yìnbọn. Mo ní obìnrin tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ìbọn ni.

Azeezat ló ń bá mi kọ èyí sínú ìwé, á sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, nítorí awò ojú mi ti fọ́. Ọ̀rọ̀ ìpè yẹn, mo ti sọ ọ́: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ò dáa, n kò lè máa pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò" bí ẹni tó ń lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì.

Ó yà mí lẹ́nu pé o ń béèrè. Kíkàn ni. Ìbọn rírà, ara ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti ro ẹnì kan lọ́kàn ní Jámánì ọ̀hún, ọkùnrin gíga kan tó fẹ̀ léjìká, òun ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá wá rà á ni yóò máa wọ́ ọrùn tẹ̀ lé ìbọn. Ṣé o rántí bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ọdẹ nínú àgbàlá? N ó ní kí ọdẹ di ojú méjèèjì, kí ó gbé ìbọn lé èjìká bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó wá la ojú. Bí ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ìbọn tààrà, iṣẹ́ mi parí. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, n ó tún fá a. Má gba ìbọn tí o ní láti máa wá ojú rẹ̀ kiri.

Kí Ọ̀gá Rasheed rẹ ṣe irin. Ìdí rẹ̀, èmi ni n ó gbẹ́ ẹ. Igi àpá kan wà lókè àjà tó ti ń gbẹ láti ìgbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdírì, Bàṣírù ti bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Azeezat ga tó ọ, apá yín kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, òun ni mo fi ń wọ̀n. Ó ní ọrùn ń dun òun. Azeezat, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, jàre.

Lukman, ọmọ àdúgbò wa tó ń wakọ̀ ní Al Barsha lọ́dọ̀ yín, wà nílé fún ìsinmi. Nígbà tó bá ń padà lóṣù tó ń bọ̀, yóò gbé e bọ̀ wá bá ọ. Bí o bá sì rí ẹni tó ń bọ̀ wálé, fi dàbínù rán an, èyí tó rọ̀, kì í ṣe èyí tó ń fọ́ ni léyín bí ti ọjọ́sí.

Inú mi dùn, Tàíbátù. O jẹ́ kí n ní iṣẹ́ láti ṣe. Olúwa á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa ròkè.

Bàbá rẹ,
Mùráínà

•

Dubai.
Ogúnjọ́, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú làálàá igi àpá. Mo ti ra dàbínù, èyí tó rọ̀ bí ẹ ṣe wí. Èmi àti Ọmọ́ṣadé, ọmọ Ondó tí a jọ háyà bedspace, bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kan náà, tọ́ ọ wò títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. N ó ra òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, ẹ má fún Lukman ní ohunkóhun gbé. Níbí, ìdí ìbọn lásán, ìbọn ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú kò mọ̀ pé bàbá ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n á mú Lukman, wọ́n á bi í pé ta ló ni ín, á dárúkọ mi, khalas, ó parí, visa àwa méjèèjì ti lọ nìyẹn. Mo ti béèrè lọ́wọ́ Madam kí n tó kọ èyí, kí ẹ má bàa rò pé mò ń fi ẹ̀rù bà yín. Ó ní kí n má tilẹ̀ dán an wò.

Lórí ọ̀rọ̀ rírà àbí kíkàn, mo ṣì ń rò ó. Ó ń ṣe mí bíi pé rírà máa yá jù. Wọ́n á mú un wá, n ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ara mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe lónìí. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Sharjah ti fẹ́ gbéra, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Tàíbátù

•

Ìgbòho.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, ọdún 2025

Tàíbátù,

A dúpẹ́ pé ara le. Ìyá rẹ kí ọ.

Mo gbọ́ ti Lukman. Òfin ìlú onílùú ni, n kò ní fi ọmọ ọlọ́mọ sínú wàhálà. Ó ti lọ ní ọwọ́ òfo. Ṣùgbọ́n bí o ṣe wá yí padà sí rírà, ìyẹn ni kò yé mi. Bí mo bá gbọ́ pé Ọ̀gá Rasheed ni yóò gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó tán, alájọṣiṣẹ́ mi ni. Rírà kẹ̀? Ọmọ ẹni tó ń gbẹ́ ìdí ìbọn ló fẹ́ lọ tú ìbọn nínú páálí. Ṣé ojú ń tì ọ́ láti sọ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ pé ará oko kan báyìí ló bí ọ? Azeezat ní kí n má kọ ìyẹn sí i. Mo ní kó kọ ọ́.

Mo ń gbẹ́ tèmi lọ ní tèmi. Mo ti dé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ yóò sinmi lé, mo fá a títí ó fi dán. Bí kò bá lè wọ ọkọ̀ òfurufú, màá ya fọ́tò rẹ̀, kí Rasheed lè fi wo bí tirẹ̀ yóò ṣe rí. Ẹnikẹ́ni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ni mo ń fi hàn pé ti ọmọ mi tó wà ní Dubai nìyí.

O ní ọ̀rọ̀ kan wà. Kí ni? Ìyá rẹ ní ọkùnrin ni. Mo ní ká dúró ká gbọ́. Má jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí ojoojúmọ́ ni ìyá rẹ ń fún ọkùnrin náà ní ìlú mìíràn.

Bàbá rẹ,
Mùráínà

•

Dubai.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, mo tún kúnlẹ̀ lé e, kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni mo gbé wá. Kì í ṣe ọkùnrin. Ojú kò tì mí nítorí yín rí, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo kíláàbù ló mọ iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń yìnbọn.

Láti kékeré lẹ ti kọ́ mi pé ọ̀tún la fi ń jẹun, ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọ̀tún la fi ń di kálàmù mú. Nígbà tí mo wà ní kéú, ẹ fi aṣọ wé òsì mi mọ́ ìbàdí kí ó má bàa ya wá. Mo sì kọ́ ọ. Títí dòní mi ò fi òsì jẹun rí, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ pé mo na òsì sí òun. Ṣùgbọ́n òsì náà kò lọ síbì kan. Bí mo bá ń gbálẹ̀, tí mò ń gún nǹkan, tí mo fẹ́ ju òkúta lu máńgòrò, òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí gbogbo wa wá yìnbọn, ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ gbé e sí. Mi ò ba bébà rárá. Ọ̀gá Rasheed ní kí n na apá méjèèjì, kí n fi ọwọ́ ṣe ihò kékeré, kí n wo àmì láàárín rẹ̀, kí n wá máa di ojú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo di òsì, àmì náà sá kúrò nínú ihò. Ó ní ojú òsì mi ló ń bá mi wo ayé látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kí n gbé ìbọn sí òsì. Ẹ̀rù bà mí. Mo bi í bóyá kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí mùsùlùmí ni òun náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ jẹ ìbọn náà ni.

Ìdí tí mo fi sọ pé rírà yá jù nìyẹn. Wọ́n ń ṣe èyí tó jẹ́ ti ọlọ́wọ́ òsì ní Jámánì. Mo rò pé wọ́n á rà á, ọ̀rọ̀ á parí, ẹ̀yin ò ní mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé ẹ fá ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi títí ó fi dán, ó dùn mí wọra. Mi ò lè jẹ́ kí ẹ máa fi iṣẹ́ ọwọ́ yín han gbogbo ayé, kí èmi sì mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò ní kàn án.

Ẹ má kọ̀ mí. Ẹ dá mi lóhùn, kódà kó jẹ́ èébú.

Tàíbátù yín

•

Dubai.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí àmì búlúù méjì lórí lẹ́tà mi, mo mọ̀ pé Azeezat ti kà á. Mo pè é, kò gbé e. Mo pe ìyá mi, wọ́n ní ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù, pé kí n fi yín sílẹ̀ ná. Mo ní ṣé inú ń bí yín ni? Wọ́n ní kí n fi yín sílẹ̀ ná.

Madam ti sọ pé ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni òun fẹ́ ìdáhùn. Bí mi ò bá sọ nǹkan kan, ọmọ ará India kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kíláàbù ni wọ́n máa fi rọ́pò mi, òun náà mọ̀ ọ́n yìn. Mo lè sọ pé rírà kí ó parí síbẹ̀. Ẹnu mi kọ̀, nítorí mi ò tíì gbọ́ tiyín.

Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún mi.

Tàíbátù

•

Ìgbòho.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 2025

Àmọ̀kẹ́,

N kò bínú. Kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n dá ọ lóhùn.

Awò ojú mi kò fọ́. Ó wà lójú mi bí mo ṣe ń bá Azeezat sọ̀rọ̀ yìí. Nínú Ramadan tó kọjá, mo fẹ́ dìde jẹ sààrì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi kò bá mi dìde. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Ẹsẹ̀ ti padà, mo ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ọ̀tún kò padà. Ahọ́n mi náà wúwo díẹ̀, òun ni n kò ṣe fẹ́ kí o máa pè, nítorí bí o bá gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, o ti mọ̀ nìyẹn, wàá sì di ẹrù rẹ wálé. Mo fi Ọlọ́run bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n má sọ fún ọ. Má bínú sí àbúrò rẹ, ó ń sunkún bó ṣe ń kọ ọ́, omi ti kán sórí ìwé.

Òsì ni mo fi ń jẹun láti ìgbà náà. Èmi Mùráínà. Yàrá ni mo ń jẹun sí, mo ń ti ilẹ̀kùn, n kì í bá àlejò jẹun mọ́. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì láti Ramadan títí lẹ́tà rẹ fi dé. Ọjọ́ tí o ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, mo ní kí Bàṣírù mú kọ́kọ́rọ́ wá. Òsì yìí náà ni mo fi gbẹ́ ìdí ìbọn ọ̀hún. Bàṣírù di igi mú, mo ń fá. Ó wọ́, Tàíbátù. Bí ọdẹ kan bá gbé irú rẹ̀ wá bá mi, n ó ní kó lọ gba owó rẹ̀ padà. Síbẹ̀ mo gbẹ́ ẹ, mo jí láràárọ̀ mo sì mọ ibi tí mo ń lọ, èyí tí n kò ṣe láti oṣù pípẹ́. Ìwọ lo ṣe é fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Nígbà tí Azeezat wá kà á pé òsì lo fi ń yìnbọn, ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín ẹ̀rín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi dìde kúrò níbẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó bí n ó ṣe sọ tèmi fún ọ, ojoojúmọ́ ni mo ń pe Azeezat kó wá kọ ọ́, n ó sì tún ní kó máa lọ.

Yan èyí tó bá ọ lára mu. Bí o bá rà á, n kò ní wí nǹkan kan, ẹnu mi kò tilẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣáà dá àwọn ọ̀gá rẹ lóhùn kí Jímọ̀ tó kọjá.

Bàbá rẹ,
Mùráínà

•

Dubai.
Ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2025

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu o. Ẹ̀rù tó yẹ kó bà mí láti Ramadan, àná ló bà mí tán. Inú bọ́ọ̀sì Sharjah ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sunkún níbẹ̀, obìnrin ará Philippines kan tó jókòó tì mí fún mi ní tíṣù.

Inú bí mi o. Gbogbo ilé pátá lẹ dìtẹ̀ mọ́ mi. Ẹ wà ní ọsibítù, èmi wà níbí mò ń fi fọ́tò oúnjẹ ránṣẹ́ sí Azeezat, ó ń fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbínú náà kò lè dúró, ọpẹ́ ti gba gbogbo àyè. Ẹ wà láàyè. Ẹ ń rìn. Ẹ gbẹ́ igi. Kó wọ́ dáadáa, èwo ló kàn mí nínú wíwọ́ rẹ̀?

Mo ti dá Madam lóhùn. Kíkàn ni. Mi ò fi pọ́n yín lé o, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn mẹ́ńbà ní irú ìbọn Jámánì tó jẹ́ ti ọlọ́wọ́ òsì, Ọ̀gá Rasheed bá mi yá a kí n fi dánwò. Gbogbo rẹ̀ ló wà lósì, ìdí rẹ̀, àti irin tí ènìyàn ń fà sẹ́yìn kí ọta tuntun tó wọlé. Ìyẹn ni pé bí mo bá yìn ín tán, òsì mi gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà, kó lọ fa irin, kó ki ọta, kó tó padà. Bó ṣe ń kúrò ni èjìká mi ń yẹ̀, tí ojú mi náà ń yẹ̀. Ṣùgbọ́n irin àtijọ́ ti kíláàbù, ọ̀tún ni wọ́n ti ń fà á. Bí wọ́n bá gbẹ́ ìdí òsì sí irin ọ̀tún yẹn, òsì mi kò ní kúrò níbi tó wà rárá. Ọ̀tún mi ni yóò máa fa irin, tí yóò máa ki ọta.

Ọ̀gá Rasheed ní ọ̀tún àwọn ọlọ́wọ́ òsì tí òun ti ń bá ṣiṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ràn, wọ́n máa ń já ọta sílẹ̀. Ó gbé irin náà síwájú mi, ó ní kí n máa ki ọta, kí n má wo ọwọ́ mi. Mo ń kì í, mo ń fà á, mo ń kì í. Mi ò já ẹyọ kan sílẹ̀. Ó ní ta ló kọ́ ọ̀tún yìí níṣẹ́? Mo ní bàbá mi ni.

Ẹ ṣeun, bàbá mi. Aṣọ tí ẹ wé mọ́ mi yẹn, mo sunkún nígbà náà, mi ò ní sọ pé mi ò sunkún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì tó mọ iṣẹ́ ni mo gbé wá sí Sharjah, ó sì lójú ẹni tó ní irú rẹ̀ níbí. Ẹ sọ fún Bàṣírù pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe di igi mú fún yín.

N ó pè yín lọ́jọ́ Sunday. Bí ahọ́n yín bá wúwo, kí ó wúwo sí mi létí.

Tàíbátù yín

•

Dubai.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, ọdún 2026

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ilé. Ó dùn mọ́ mi pé a ti jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí, ṣùgbọ́n èyí yẹ ní kíkọ, kí ẹ lè máa tún un kà.

Àná ni ìfigagbága náà. Àwa la gbàlejò, kíláàbù mìíràn wá láti Abu Dhabi àti Al Ain. Ìbọn tí Ọ̀gá Rasheed kàn fún mi, mo di ojú méjèèjì jókòó sí i bí àwọn ọdẹ yín, nígbà tí mo la ojú, mo ti wà lórí àmì. Ọta mi kìíní yẹ̀ gan-an, mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo mí sínú, mo jẹ́ kí ọ̀tún máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí òsì sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ipò kẹrin ni mo ṣe. Ẹgbẹ́ wa ṣe ìkejì. Mo rò pé kò tó, mo ti ń ro bí mo ṣe máa di ẹrù mi, nígbà tí Madam pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní kí n mú Emirates ID mi wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ìwé iṣẹ́ mi. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Rasheed ni wọ́n gbé mi sí, n ó máa kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ìbọn. Bàbá mi, iṣẹ́ yín ni wọ́n gbà mí sí.

Mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi nígbà Iléyá. Mò ń bọ̀ wálé. Kí lẹ fẹ́ kí n mú bọ̀? Ẹ sọ ohun tó bá wù yín.

Ọmọ yín tí ayọ̀ rẹ̀ kún,
Tàíbátù

•

Ìgbòho.
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejì, ọdún 2026

Àmọ̀kẹ́ mi, ọmọ tó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú,

Mo kí ọ kú oríire. Ìyá rẹ ti sọ fún gbogbo Ìgbòho. Ní tirẹ̀, ipò kìíní lo ṣe, mo ní ìkẹrin ni, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Bàṣírù ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n tún ń gba ènìyàn níbẹ̀. Ọlọ́run ló ni ọpẹ́, ìwọ náà ni mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, pé o fi orúkọ mi sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí.

O ní kí n sọ ohun tó wù mí. Dàbínù dára, mú un bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ gan-an kò sí ní ọjà Deira.

Ọwọ́ ọ̀tún mi kò ní padà mọ́. Dókítà kò sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n mo mọ igi tó ti kú. Òsì ló kù fún mi, n kò sì mọ̀ ọ́n lò. Mo ń da ọbẹ̀ sí àyà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Azeezat ń gbìyànjú láti kọ́ mi bí mo ṣe lè di kálàmù mú, ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, kò yé òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí o bá dé, bá mi jókòó nínú àgbàlá, ní gbangba, kí o kọ́ mi bí a ṣe ń fi òsì jẹun, èyí tí n kò jẹ́ kí ìwọ náà ṣe rí, bí a ṣe ń fi òsì kọ̀wé, bí a ṣe ń fi òsì di ọ̀bẹ mú kí igi má bàa wọ́. Kí o sì ní sùúrù fún mi ju èyí tí mo ní fún ọ lọ.

Azeezat ló kọ gbogbo èyí. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yìí nìkan ni èmi fúnra mi kọ. Ó gba gbogbo àárọ̀ yìí lọ́wọ́ mi.

Mùráínà